Ṣé Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Òróòro Máa Ń Jẹ́ Ti Ìdílé? Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Tí jẹjẹrẹ bá mú ẹnì kan nínú ilé, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ àti àbúrò máa ń gbé sínú, tí wọn kì í lè sọ jáde lójú aláìsàn: ṣé kò ní í kan àwa náà báyìí? Ọ̀nà òróòro ni àwọn ihò tín-ín-rín tí omi òróòro ń gbà kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ kò wọ́pọ̀, àgbàlagbà ló sì máa ń mú jù. Ó lè mú ju ẹnì kan lọ nínú ẹbí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló lè fà á. Mo kọ èyí nítorí pé ìbẹ̀rù ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí dákẹ́ síbi tó yẹ kí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀.

MÁ ṢE sọ pé "àrùn ìdílé wa ni" kí o tó mọ ohun tí ẹ jọ pín.

Agbègbè kan wà ní àríwá ìlà-oòrùn Thailand tí wọ́n ń pè ní Isan. Níbẹ̀, pàápàá jù lọ ní Khon Kaen, ni jẹjẹrẹ yìí ti pọ̀ jù ní gbogbo àgbáyé. Ọmọ agbègbè náà ni Narong Khuntikeo, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Khon Kaen. Jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro ló pa bàbá rẹ̀. Òun náà ló pa ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn yìí á kọ́kọ́ mi orí, á ní ìdílé náà ni àrùn ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Tọkọtaya ni bàbá àti ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọn ò pín ẹ̀jẹ̀. Abọ́ oúnjẹ ni wọ́n pín.

Oúnjẹ náà ń jẹ́ koi pla. Ẹja odò kéékèèké ni. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ ní tútù, wọ́n á fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi ata, ewé olóòórùn dídùn àti ìrẹsì tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀ kún un, wọ́n á pò ó pọ̀, ó di jíjẹ láìkan iná rárá. Omi ọsàn náà á jẹ́ kí ẹran ẹja funfun, á dà bí ẹni pé ó ti jinná. Kò jinná. Ọmọ aràn kan tí ojú kò lè rí wà nínú ẹran ẹja náà, Opisthorchis viverrini lorúkọ rẹ̀, omi ọsàn kò sì lè pa á. Tó bá dé inú ènìyàn, ọ̀nà òróòro ni yóò gbà lọ, ibẹ̀ ni yóò fi ṣe ilé. Ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀, tí á máa dá egbò sí ara ihò náà, tí egbò á máa jinná, tí á tún máa ṣí, títí ibẹ̀ á fi di jẹjẹrẹ. Ẹyin aràn náà á bá ìgbẹ́ jáde bọ́ sínú omi, ìṣáwùrú á gbé e mì, láti ara ìṣáwùrú ni yóò ti wọ inú ẹja, láti inú ẹja ni yóò ti padà sínú abọ́. Ní 1994, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, ka aràn yìí mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Bàbá jẹ ẹ́, ìyá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ayé á sì máa pè é ní ti ìdílé. Khuntikeo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ wọn dáhùn: wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ultrasound láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ wò, wọ́n sì ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n gbé ẹja ka iná.

ṢE: se ẹja jinná. Ẹja tó bá hó nínú ọbẹ̀ tàbí tó jinná dénú lórí iná kò ní aràn ààyè nínú mọ́. Ẹni tó bá ti gbé ní Thailand, Laos, Vietnam, Korea tàbí gúúsù China, tó sì ti jẹ ẹja odò ní tútù níbẹ̀, kí ó sọ fún dókítà. Oògùn wà fún un, praziquantel, èyí kan náà tí wọ́n máa ń pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà nítorí àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn lónìí kó tún padà sídìí ẹja tútù lọ́la.

ṢE: wo ibi iṣẹ́ náà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Osaka, ní Japan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi kẹ́míkà nu ẹ̀rọ nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀ ni jẹjẹrẹ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn mìíràn kò tí ì pé 40 ọdún. 1,2-dichloropropane ni kẹ́míkà náà. IARC fi òun náà sínú ìwé àwọn afàjẹjẹrẹ ní 2014.

ṢE: jẹ́ kí gbogbo ilé lọ yẹ ara wọn wò fún hepatitis B.

Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Aràn Isan kì í ṣe ti odò wa, ṣùgbọ́n hepatitis B, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wà láàárín wa. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ló ní in lára. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò yìí sábà máa ń fà, ṣùgbọ́n ó tún ń pọ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro tó wà nínú ẹ̀dọ̀ gan-an. Ọ̀nà tó ń gbà wọ ilé ló ń tan ènìyàn: ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Ìyá kan bí ọmọ mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn gbé kòkòrò náà dàgbà láìmọ̀. Tí ẹ̀dọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn láàmú nígbà tí wọ́n ti di òbí, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, tàbí àbímọ́. Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Kòkòrò tí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà ni, bí wọ́n bá fún ọmọ tuntun láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, tí wọ́n sì parí ìyókù. Àgbàlagbà tí kò bá ní in lára náà lè gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti ní in, oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

ṢE: wá orúkọ àìsàn náà gan-an.

Ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston lọ rí dókítà, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù sí i lọ́wọ́: kí ló pa bàbá bàbá rẹ? Ohun tó mọ̀ ni pé "inú ló ń run wọ́n," tàbí "ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni," tàbí pé ayé ló ṣe wọ́n. Kò sí dókítà tó lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Pe ẹni tó dàgbà jù nílé, kí o sì rọra béèrè:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí Bàbá Àgbà tó papò dà, ṣé ẹyin ojú wọn yí padà?"

"Ó yí padà o. Ojú wọn pọ́n bákan ni."

"Ṣé ara ń yún wọn?"

"Háà, ọmọ mi! Wọ́n ń họra tọ̀sán tòru. Adé ló máa ń bá wọn fi omi tútù pa á."

"Ẹ ẹ̀ rántí ilé ìwòsàn tí ẹ gbé wọn lọ? Wọ́n tó ọmọ ọdún mélòó nígbà náà?"

Ojú tó yí padà àti ara yíyún kò tó láti fi sọ pé jẹjẹrẹ ni. Òkúta inú òróòro náà lè fà wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti ya ìtàn náà sọ́tọ̀ kúrò lára inú rírun lásán, ó sì fún dókítà ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé ilé ìwòsàn kankan bá wà nínú àpótí, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ tàbí ọ̀nà òróòro, nítorí "jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀" ni a máa ń pe méjèèjì nílé.

MÁ ṢE fi orúkọ àìsàn pamọ́ nítorí ìgbéyàwó.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń sá fún. Kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, ẹbí kejì á ṣe ìwádìí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí ìdílé òun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún kò mọ ohun tó yẹ kó ṣọ́. Yóò wà ní ọmọ ogójì ọdún, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, yóò rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, nígbà tó jẹ́ pé àwọn àgbà méjì nínú ilé mọ̀ pé jẹjẹrẹ ìfun ló pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Èyí dùn mí ju gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí lọ, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti sọ ọ́.

ṢE: ka gbogbo jẹjẹrẹ tó wà ní ìhà kan ẹbí, má ka ti ọ̀nà òróòro nìkan.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Ní 1895, aránṣọ kan sọ fún Aldred Scott Warthin, dókítà ní Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor, pé òun mọ̀ pé òun kò ní í pẹ́ láyé, pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ìfun ni yóò pa òun, torí bó ṣe ń pa àwọn ará ilé òun nìyẹn. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ara rẹ̀ sì le. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló pa á bó ṣe wí. Warthin kò fi ọ̀rọ̀ obìnrin náà ṣeré. Ó kọ ìdílé náà sílẹ̀ láti orí bàbá ńlá dé orí ọmọ-ọmọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1913. Nígbà tí dókítà kan, Henry Lynch, gbé irú iṣẹ́ náà lọ síwájú láti àwọn ọdún 1960, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe àrùn àjogúnbá náà: Lynch syndrome. Ìfun ńlá àti ilé ọmọ ló máa ń kọlù jù. Ọ̀nà òróòro wà lára àwọn ibòmíràn tó lè dé.

BRCA1 àti BRCA2 náà wà níbẹ̀. Jíìnì jẹjẹrẹ ọmú ni ọ̀pọ̀ mọ̀ wọ́n sí, láti ìgbà tí wọ́n ti rí wọn ní 1994 àti 1995. Àbùkù lára wọn lè bá ọkùnrin pẹ̀lú, nípa jẹjẹrẹ prostate, ti pancreas, àti ti ọ̀nà òróòro. Bàbá lè gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe bàbá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ti ìyá nìkan ni kí ẹ máa wò" ti ṣì í.

Ohun tó yẹ kó ta ọ́ jí ni kí ènìyàn mẹ́ta ní ìhà kan náà ti ní irú àwọn jẹjẹrẹ wọ̀nyí, kó kan ìran méjì ó kéré tán, kí ẹnì kan nínú wọn má tí ì pé 50 ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tí jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro mú kó tó pé 50, ìyẹn nìkan ti tó láti béèrè.

ṢE: kọ ọ́ sórí ìwé. Kò nílò kó gùn. Bí àpẹẹrẹ:

Ìyá ìyá mi: jẹjẹrẹ ilé ọmọ, ọmọ bí ọdún 47.
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin: jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ọmọ ọdún 52, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó wà láàyè.
Ìyá mi: jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro, ọmọ ọdún 61.
Ìhà bàbá: a kò gbọ́ jẹjẹrẹ kankan.

Ìlà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í kà á tán kó tó dá ọ dúró.

MÁ ṢE ka èsì àyẹ̀wò kókó jẹjẹrẹ bí ẹni pé ogún ẹbí ni.

Lónìí, wọ́n máa ń yẹ jíìnì inú kókó jẹjẹrẹ wò láti mọ oògùn tó bá a mu. Èsì á dé, ẹbí á rí "mutation" níbẹ̀, ẹkún á sì sọ. Ẹ dúró ná. FGFR2 àti IDH1, tí wọ́n sábà máa ń rí nínú jẹjẹrẹ ọ̀nà òróòro tó wà nínú ẹ̀dọ̀, inú kókó náà ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀. A kò bí wọn mọ́ aláìsàn, kò sì lè gbé wọn fún ọmọ. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n tilẹ̀ lè jẹ́ fún un, torí oògùn tó dojú kọ wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí BRCA, tàbí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì Lynch, bí MLH1, MSH2, MSH6 tàbí PMS2, bá yọjú nínú èsì náà, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ láti mọ̀ bóyá àbímọ́ ni.

ṢE: jẹ́ kí ẹni tí àìsàn ń ṣe ṣe àyẹ̀wò jíìnì kí àwọn ọmọ tó ṣe é.

Bí ọmọ bá kọ́kọ́ ṣe é, tí wọn kò rí nǹkan, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ọmọ ló bọ́ tàbí kò sí àbùkù kankan nínú ẹbí náà láti ilẹ̀. Lára aláìsàn ni ìdáhùn wà. Ó ń ran òun náà lọ́wọ́: jẹjẹrẹ tó bá ti inú Lynch wá lè gbọ́ oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Ní Japan, wọ́n yẹ aláìsàn jẹjẹrẹ òróòro tó lé ní 1,200 wò. Nǹkan bí 5 sí 6 nínú 100 ló ní àbùkù àbímọ́ tó lè fa jẹjẹrẹ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní in. Tí wọ́n bá rí i lára òbí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì àǹfààní láti má ṣe gbà á, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tó bá sì gbà á, ewu ló gbà, kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò yìí kò tíì wọ́pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Bí kò bá ṣeé ṣe nísinsìnyí, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn kí wọ́n tọ́jú ẹran ara tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì mọ ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

MÁ ṢE gbé ọmọ kékeré lọ fún àyẹ̀wò Lynch tàbí BRCA. Ẹ jẹ́ kó dàgbà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ mọ̀.

MÁ ṢE sá kiri nítorí èsì jíìnì tó sọ pé "a kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀". Àwa aláwọ̀ dúdú ni irú èsì bẹ́ẹ̀ máa ń bá jù, nítorí jíìnì àwọn òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń wò. Wọn kì í torí rẹ̀ gé ẹ̀yà ara ẹnikẹ́ni.

MÁ ṢE fi CA 19-9, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá èròjà kan tí jẹjẹrẹ yìí lè mú kó pọ̀, ṣọ́ ara rẹ lóṣooṣù. Òkúta inú òróòro lè gbé e sókè, ibà pọ́njú lásán lè gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe èròjà náà rárá bó ti wù kí jẹjẹrẹ pọ̀ tó, wọ́n sì pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Kò tíì sí àyẹ̀wò kan tí a fọwọ́ sí fún gbogbo ọmọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Lynch nílò kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo ìfun ńlá rẹ̀ déédéé. Ìyẹn ń gba ẹ̀mí là.

ṢE: sọ fún dókítà bí ọ̀nà òróòro ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ní àrùn mìíràn rí.

Walter Payton, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Chicago Bears ní Amẹ́ríkà, kéde ní oṣù kejì 1999 pé òun ní primary sclerosing cholangitis, àrùn tó ń mú kí ọ̀nà òróòro le, kí ó sì fún pọ̀. Ó ń dúró de ẹ̀dọ̀ tuntun. Jẹjẹrẹ ti wà nínú ọ̀nà òróòro náà, ó sì ti tàn kálẹ̀ débi pé ẹ̀dọ̀ tuntun kò lè wúlò mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà ló kú. Àrùn yìí máa ń bá egbò inú ìfun ńlá rìn, àwọn ọmọ ìyá ẹni tó ní in sì wà nínú ewu rẹ̀ ju àwọn ará ìta lọ. Àwọn kan tún wà tí a bí ọ̀nà òróòro tó wú bí àpò mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ kó tó di nǹkan mìíràn.

MÁ ṢE fi àgbo lé ibà pọ́njú fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹyin ojú bá di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ wá ń funfun bí efun, tí ara ń yún láìsí èélá, tí ènìyàn sì ń rù, nǹkan ti dí ọ̀nà òróòro. Ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n tètè ṣe ni ìrètí ìwòsàn tó dájú jù, oṣù mẹ́ta sì lè ti ilẹ̀kùn náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí o bá rí i ni kí o lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti scan.

ṢE: fi ẹ̀dà èsì ránṣẹ́ sí tẹ̀gbọ́n tàbúrò, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹni tó wà ní Britain lè mú ẹ̀dà náà lọ bá GP, dókítà ìdílé rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka jíìnì ti NHS. Kò ní í sanwó. Ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ti 2008 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ tàbí abánigbófò ìlera fi èsì jíìnì fìyà jẹ ẹ́. Òfin náà kò kan ìbánigbófò ẹ̀mí, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ra ìyẹn rò ó kó tó ṣe àyẹ̀wò.